Bí A Bá Gba Ẹrù Fún Aládùúgbò

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gba ẹrù fún aládùúgbò. Awakọ̀ láti gáréèjì tàbí ọlọ́kadà tí ń kó ẹrù káàkiri yóò dé, ẹni tí ó ni ẹrù kò sí nílé, yóò sì kan ilẹ̀kùn wa. Oore ni. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá ti bọ́ sí wa lọ́wọ́, ó ti di ohun ìfipamọ́, àwa ni a ó sì dáhùn fún un.

Àwọn kan á ní, "A kò gba kọ́bọ̀, ta ni yóò bi wá?" Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1703, ilé-ẹjọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Coggs àti Bernard. Bernard gbà láti bá Coggs kó àgbá ọtí bàràńdì láti ibì kan sí ibòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí àìṣọ́ra, àgbá kan fọ́, ọtí sì dànù. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi, bí kò tilẹ̀ gba owó. Inú òfin Gẹ̀ẹ́sì yìí ni òfin Nàìjíríà lórí ohun ìfipamọ́ ti ṣẹ̀ wá. Kì í ṣe pé gbogbo òfò ni a ó san. Bí olè bá fọ́ ilé tí a tì dáadáa, ẹ̀bi wa kọ́. Ìṣọ́ra tí ó yẹ ni a ń béèrè.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa ṣe báyìí:

1. Kí a pe ẹni tí ó ni ẹrù lórí fóònù kí a tó gbà á. Bí kò bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí a dá a padà.

2. Kí a yẹ ẹrù wò kí a tó fọwọ́ sí ìwé. Bí ó bá ya tàbí tí omi wọ̀ ọ́, kí a kọ ọ́ sínú ìwé náà, kí a sì ya àwòrán rẹ̀.

3. Bí owó bá wà lórí ẹrù, kí ẹni tí ó ni ín kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́.

4. Kí a má ṣe tú u. Kí a gbé e síbi tí òjò, eku àti ọmọdé kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

5. Kí a fi lé ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́, tàbí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ dárúkọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ẹrù, ojúṣe tiyín náà wà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ rẹ̀. Ẹ tètè wá gbà á, pàápàá bí ó bá jẹ́ oúnjẹ. Ẹ má sì gbàgbé ọpẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ wa. Aládùúgbò tí ó gba ẹrù wa lónìí lè jẹ́ onídùúró wa lórí ẹ̀yáwó lọ́la. Bí ìjà lórí páálí kan bá tú ìgbẹ́kẹ̀lé ká, ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé fún ta ni? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.