Olympos: Abúlé Orí Òkè tí Àkọ́bí ti ń Jogún Gbogbo

Arìnjìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Láàárín erékùṣù Kírétè àti Ródù, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ni erékùṣù Karpathos wà. Àlejò tí ó bá gúnlẹ̀ sí èbúté kékeré tí a ń pè ní Diafani, ní ìhà àríwá rẹ̀, tí ó sì gun òkè láti ibẹ̀, yóò dé abúlé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Olympos. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í mú fún òkè ńlá Olympos tí àwọn Gíríìkì ìgbàanì gbà pé ó jẹ́ ibùgbé àwọn òrìṣà wọn. Orúkọ ni wọ́n fi jọra.

Àwọn ilé abúlé yìí so mọ́ ara wọn lórí òkè bí ìtẹ́ ẹ̀ga lórí ọ̀pẹ. Ẹ̀rọ ìlọkà tí afẹ́fẹ́ ń yí ni ó tò sí etí òkè. Kì í ṣe fáàrí ni àwọn ènìyàn fi lọ tẹ̀ dó sí ibi gíga bẹ́ẹ̀. Ìtàn sọ pé ní Vrykounda, ní etí òkun, ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé tẹ́lẹ̀, kí àwọn ọlọ́ṣà ojú omi tó lé wọn gun òkè. Ìjọba Tọ́kì wá, ó lọ. Àwọn ará Ítálì gba erékùṣù náà ní 1912. Ní 1948 ni ó di ti Gíríìsì. Gbogbo èyí kò pa èdè àti ìṣe wọn rẹ́. Títí di òní, àwọn ìyá àgbà ṣì ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ wọn àti bàtà awọ gígùn, wọ́n sì ń dáná sí ààrò ìta láti yan búrẹ́dì.

Ṣùgbọ́n àṣà tí ó jinlẹ̀ jù lọ níbẹ̀ ni ti ogún. Àkọ́bí obìnrin, tí wọ́n ń pè ní kanakara, ni ó ń jogún ohun gbogbo tí ìyá rẹ̀ ní: ilé, oko, igi ólífì àti owó wúrà. Àkọ́bí ọkùnrin, tí í ṣe dáwódù, ni ó ń jogún ti baba. Dúkìá ìyá kì í dàpọ̀ mọ́ ti baba. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ipa tí wọ́n ń tọ̀ láti ìran dé ìran. Bí kanakara bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ọkọ ni ó ń wá bá a ní ilé rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ a sì kó jáde fún un lọ sí ilé kékeré. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: àkọ́bí obìnrin a máa jẹ́ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin a sì máa jẹ́ orúkọ baba baba rẹ̀. Orúkọ àti ilẹ̀ jọ ń rìn pọ̀ ni.

Ọgbọ́n ń bẹ nínú èyí. Ilẹ̀ òkè náà kún fún òkúta, kò sì tó nǹkan. Bí a bá pín in fún ọmọ mẹ́fà, tí àwọn náà tún pín in fún ọmọ tiwọn, kò ní pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní rí ibi gbin ọkà bálì.

Lójú àbúrò, bí ó ti wù kí ó rí, àṣà yìí korò. Àbúrò obìnrin kò ní ilé, kò sì ní ilẹ̀ tí ọkọ yóò tìtorí rẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lọ́kọ títí wọ́n fi darúgbó, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé fún ẹ̀gbọ́n tí ó jogún. Bernard Vernier, onímọ̀ ará Faransé tí ó tẹ ìwé kan jáde lórí erékùṣù yìí ní 1991, fi hàn pé àṣà ogún àti ti orúkọ wọ inú ìfẹ́ òbí sí ọmọ pàápàá. Ní ti àwọn àbúrò ọkùnrin, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n gba Piraeus lọ, wọ́n sì gba Baltimore ní Amẹ́ríkà lọ. Owó tí àwọn tí kò jogún fi ránṣẹ́ sílé ni ó wá sọ ilẹ̀ tí dáwódù ń yangàn lé lórí di ohun kékeré.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, tí í ṣe ọjọ́ ìrántí ikú Màríà Ìyá Jésù, àwọn ọmọ abúlé a tún padà wálé. Lẹ́yìn ìsìn, wọn a jẹun, olórin a ta lyra, tí ó jọ gòjé, elòmíràn a fun fèrè aláwọ ewúrẹ́, àwọn ọkùnrin a sì máa dá ewì olórí-ìlà méjì-méjì látẹnu. Nínú ewì wọ̀nyí ni wọ́n ti ń dárúkọ òkú àti ẹni tí ó wà ní àjò, omi a sì máa bọ́ lójú àgbà ọkùnrin láìtijú. Àwọn kanakara a jó wọ agbo, owó wúrà a jọ̀ lọ́rùn wọn títí dé àyà.

Ní 1983, ìjọba Gíríìsì fi òfin pa ẹrù dúkìá tí òbí ń dì fún ọmọbìnrin nígbà ìgbéyàwó rẹ́, ṣùgbọ́n wúrà náà ṣì ń dán nínú ijó. Àlejò tí ó ń ya fọ́tò rẹ̀ kò ṣe ohun tí ó burú, nítorí ó lẹ́wà lóòótọ́. Kí ó ṣáà tún bèèrè pé: àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ogún tí wọn kò pín kí ilé má baà tú ni ó fọ́n ọmọ ilé ká. Ẹni tí ó bá ń gbé àṣà lárugẹ, tí kò ka iye ẹni tí ó san owó rẹ̀, ìdajì ìtàn ni ó gbọ́.