Bí Òǹkà Gíga Ilẹ̀ Ṣe Ń Di Àwòrán Ilẹ̀

Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Èkìtì. Nígbà tí òjò bá rọ̀, omi kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ilẹ̀ bá rẹlẹ̀ sí ni ó ń gbà. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a mọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó kí a tó kọ́lé tàbí kí a tó la gọ́tà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour ti Amẹ́ríkà yí ayé po fún ọjọ́ 11, ó sì fi rédà wọn gíga ilẹ̀. Ilẹ̀ Èkìtì wà lára ibi tí ó wọ̀n. Ẹ wo òǹkà náà bí oko tí a kọ ebè rẹ̀ létòlétò: ebè kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 30, ó sì ní òǹkà kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe gíga ibẹ̀ sí ojú òkun.

Kí ètò kọ̀ǹpútà bíi QGIS, tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tó lè sọ òǹkà wọ̀nyí di àwòrán aláwọ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ nǹkan mẹ́rin: iye ìlà ní ìbú àti ní òró, ibi tí igun oko náà wà láyé, ìwọ̀n ebè kọ̀ọ̀kan, àti òǹkà tí ó dúró fún ibi tí a kò wọ̀n. -9999 ni a sábà ń lò. Bí a kò bá sọ èyí fún un, yóò kà á sí kòtò ńlá.

Ọ̀pọ̀ a máa ṣìṣe níhìn-ín: fáìlì kan a máa bẹ̀rẹ̀ láti àríwá, òmíràn láti gúúsù. Bí a bá ṣì wọ́n mú, àwòrán yóò dorí kodò. Ìkẹ́rẹ́ yóò bọ́ sí àríwá Adó, Ìfàkì yóò sì bọ́ sí gúúsù. Àwọ̀ rẹ̀ lè dára lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e yóò la gọ́tà sí ibi tí omi kì í gbà. Ẹ kọ́kọ́ wá òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Bí kò bá sí ní gúúsù Adó, ẹ má ṣe lo àwòrán náà.

Ẹ rántí pé rédà a máa ka orí igi àti òrùlé mọ́ ilẹ̀, àti pé ebè onímítà 30 kò lè fi ojú àgbàrá kékeré hàn. Nítorí náà, kí awọnlẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn ín, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò ibi tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀ rí.