Ajá Tí Ẹ̀rù Ń Bà, àti Bí A Ti Lè Fi Sùúrù Kọ́ Ọ

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ òwe yìí láti ẹnu òbí tàbí olùkọ́ nígbà tí ó bá ṣe orí kunkun. Ṣùgbọ́n lónìí mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ ajá náà wò gẹ́gẹ́ bí ajá, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí òwe. Kí ni ó dí i ní etí? Nínú ọ̀pọ̀ ajá tí a ń pè ní aláìgbọ́ràn tàbí òǹrorò, kì í ṣe agídí ni ó wà níbẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀rù. Ajá tí ẹ̀rù bá sì kún inú rẹ̀ kò lè gbọ́ fèrè, bí ó tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ. Bí a ti lè mọ irú ajá bẹ́ẹ̀, àti bí a ti lè fi sùúrù àti èrè kọ́ ọ, ni mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ níhìn-ín.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Ajá kan wà ní ilé bàbá mi, Tanímọ̀la ni orúkọ rẹ̀. Láti kékeré ni kò ti lè rí kẹ̀kẹ́ ológeere kí ó má fò sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá gun kẹ̀kẹ́ yọ ní ìkòríta, irun ẹ̀yìn Tanímọ̀la a dìde, a bẹ̀rẹ̀ sí gbó, a sì sáré tọ ẹsẹ̀ ẹni náà lọ. Èmi ni a fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀, pàṣán sì ni oògùn kan ṣoṣo tí mo mọ̀. Bí ó bá kùn, mo nà án. Bí ó bá gbó, mo tún nà án. Nígbà tí ó ṣe, ó fi kíkùn sílẹ̀, inú mi sì dùn pé ẹ̀kọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ní ọjọ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá ní ẹ̀bá ilé wa. Ajá náà kò kùn, kò gbó. Ó kàn bu ọmọ náà jẹ ní ojúgun.

A fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a sì gbé ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré, bí a tilẹ̀ ti gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọgbẹ́ náà jinná. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà wá sí ilé wa, ó sì bèèrè ohun tí a ń fi irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ṣe láàrin ọmọ ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó rí ohun kan fi dá a lóhùn. Nígbà tí ó lọ tán, bàbá mi pè mí, ó ní, "Ìwọ ni o ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ìsinmi rẹ yìí. Bí ó bá parí tí ajá yìí kò yí padà, n ó tà á fún àwọn tí ń jẹ ẹ́." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣeun."

Oníṣègùn ẹranko ni mo kọ́kọ́ mú ajá náà tọ̀ lọ, nítorí ajá tí eyín tàbí etí ń dùn, tàbí tí oríkèé ń ro, a máa bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ó yẹ ẹ wò, kò rí àrùn kankan. Nígbà tí mo sọ bí mo ti ń nà án fún un, ó wí ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé: "Ajá tí a ń nà nítorí pé ó kùn kì í pa ẹ̀rù rẹ̀ tì, ìkìlọ̀ rẹ̀ ni ó ń pa tì." Nígbà náà ni ó yé mi pé èmi fúnra mi ni mo kọ́ Tanímọ̀la láti bu ènìyàn jẹ láìkìlọ̀.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Àwa tí a ń kọ́ nípa ọkàn ọmọ ti gbọ́ orúkọ Ivan Pavlov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí a bí ní 1849 tí ó sì kú ní 1936. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ti ń dà nínú ara. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó kíyè sí i pé bí a bá ń ro nǹkan sí etí ajá kí a tó fún un ní oúnjẹ, tí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìró náà nìkan yóò mú kí itọ́ ajá máa dà, bí kò tilẹ̀ rí oúnjẹ. Ìró tí kò já mọ́ nǹkan kan fún ajá tẹ́lẹ̀ ti di oníṣẹ́ tí ń kéde pé oúnjẹ ń bọ̀. Bí ohun dáradára ti lè so mọ́ ìró bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun búburú lè so mọ́ ọn. Ẹ̀rù kẹ̀kẹ́ ń ba Tanímọ̀la. Nígbàkígbà tí kẹ̀kẹ́ bá yọ, pàṣán a tún bà á. Ẹjọ́ wo ni ajá yóò dá? Yóò wí nínú ara rẹ̀ pé, "Òótọ́ ni mo rò: kẹ̀kẹ́ ń mú ìrora wá." Báyìí ni ẹni tí ń fi ẹgba wo ẹ̀rù sàn ṣe ń fi epo sí iná.

Ẹlòmíràn tí ó yẹ kí a rántí ni Mary Cover Jones, obìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan. Ní 1924, ó kọ ìwé nípa ọmọkùnrin kan tí ó pè ní Peter, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ẹ̀rù ehoro ń bà gidigidi. Kò fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ipá gbé ehoro lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ náà bá ń jẹ oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, a ó gbé ehoro inú àgò wá sí ọ̀nà jíjìn tí kò ní dà á láàmú. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń sún un mọ́ ọn, títí ọmọ náà fi lè fi ọwọ́ kan ehoro láìfòyà. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn olùkọ́ ajá ń tọ̀ lónìí.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wo àmì tí a fi ń mọ ajá tí ẹ̀rù ń bà. A máa fi ìrù há itan. A máa tẹ etí sẹ́yìn. A máa lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ. A máa yán nígbà tí oorun kò kùn ún. Funfun ojú rẹ̀ a máa hàn. Ara rẹ̀ a sì le bí igi. Òmíràn kì í gba ẹran pàápàá. Nígbà tí àwọn àmì wọ̀nyí kò bá mú kí ohun tí ń bà á lẹ́rù yàgò fún un ni yóò kùn, tí yóò gbó, tí yóò sì fò síwájú. Gbígbó rẹ̀ dàbí ariwo ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri: ohun tí ó ń wí ni pé, "Má ṣe súnmọ́ mi."

Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọ nìyí. Èkíní, ní gbogbo àkókò ẹ̀kọ́, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó rí àyè fò sí ènìyàn, nítorí ohun tí a bá ń ṣe lójoojúmọ́ ni í di bárakú. Kí ó wà nínú ọgbà tí a tì, kí okùn wà ní ọrùn rẹ̀ bí ó bá jáde. Bí ó bá sì ti bu ènìyàn jẹ rí, kí a fi agbọ̀n kékeré tí a ṣe fún ẹnu ajá bò ó lẹ́nu, èyí tí ó lè mí tí ó sì lè jẹun nínú rẹ̀. Èkejì, kí a wá ọ̀nà jíjìn tí ó ti lè rí ohun tí ń bà á lẹ́rù kí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Fún Tanímọ̀la, ọgọ́ta ìṣísẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, bí kẹ̀kẹ́ bá ti yọ, tí ajá sì ti rí i, kí a fún un ní ègé ẹran kékeré, lẹ́yìn náà òmíràn, títí kẹ̀kẹ́ yóò fi kọjá. Bí ó bá sì ti kọjá, kí ẹran dáwọ́ dúró. Ẹ kíyè sí i pé kẹ̀kẹ́ ni ó gbọdọ̀ ṣáájú ẹran. Bí ẹran bá ń ṣáájú, ẹran ni yóò di àmì pé ohun ẹ̀rù ń bọ̀, ajá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí fura sí ẹran. Ẹ̀kẹrin, nígbà tí ajá bá ń rí kẹ̀kẹ́ tí ó sì ń yí ojú sí wa fúnra rẹ̀ láti bèèrè ẹran, kí a wí pé "O káre!" ní ìṣẹ́jú àáyá náà gan-an, kí ẹran sì tẹ̀ lé e kíákíá, kí ó lè mọ ohun tí a ń yìn ín fún. Edward Thorndike ti kọ ọ́ láti 1898, nígbà tí ó ń wo àwọn ológbò nínú àpótí, pé ìṣe tí ó bá mú ìtẹ́lọ́rùn wá ni ẹranko yóò tún ṣe. Ẹ̀karùn-ún, kí a sún mọ́ kẹ̀kẹ́ ní ìwọ̀nba díẹ̀. Bí ajá bá gbó tàbí tí ó kọ ẹran, àwa ni a yára jù; kí a padà sẹ́yìn láìsí ìbáwí. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ẹ̀kọ́ kan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Bí a bá ń fún ajá ní ẹran nígbà tí ẹ̀rù ń bà á, a kò ha ń kọ́ ọ láti máa bẹ̀rù?" Rárá. Ẹ̀rù kì í ṣe iṣẹ́ tí ajá ń yàn láti ṣe kí ó lè gba owó ọ̀yà. Bí ẹ̀rù bá ń ba ọmọ ní òru tí ìyá rẹ̀ sì gbé e mọ́ra, ìbẹ̀rù ọmọ náà kò ní tìtorí èyí pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹgba a máa yára ṣiṣẹ́. Ní 2020, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe ìwádìí ní ìlú Porto ní ilẹ̀ Pọtogí lórí ajá 92 rí i pé àwọn tí a fi ìyà àti ìrora kọ́ fi àmì ìnira hàn nígbà ẹ̀kọ́ ju àwọn tí a fi èrè kọ́ lọ. Ní 2021, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n mọ̀ nípa ìwà ẹranko gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí a máa fi èrè kọ́ gbogbo ajá, títí kan èyí tí ń bu ènìyàn jẹ.

Síbẹ̀, kò yẹ kí n pa irọ́ fún yín. Sùúrù kì í sọ gbogbo ajá di ọ̀rẹ́ gbogbo ayé. Ọmọ ajá tí kò rí ènìyàn, kẹ̀kẹ́ àti ariwo láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ayé rẹ̀ ti pàdánù àkókò tí ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jùlọ, gẹ́gẹ́ bí John Paul Scott àti John Fuller ti fi hàn nínú ìwé wọn ní 1965. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọmọ ajá, kí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nítorí pé àwọn ará àdúgbò ń wò mí, mo fẹ́ ṣe àṣehàn, mo sì mú Tanímọ̀la lọ sí ogún ìṣísẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbó, ó fò, okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ já mọ́ mi lọ́wọ́. A padà sí àádọ́ta, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹwàá fi pé, kẹ̀kẹ́ lè kọjá ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i, yóò wò ó, yóò sì yí ojú sí mi. Ó tún ń kùn nígbà mìíràn. Bí ó bá kùn, mo dúpẹ́, a sì padà sẹ́yìn. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wá ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ìsinmi, ó ní, "N kò ní tà á. Ṣùgbọ́n okùn kò gbọdọ̀ kúrò ní ọrùn rẹ̀ níta." Ọ̀rọ̀ náà tọ́, a sì ń pa á mọ́ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ọmọ tí ajá náà bù jẹ kì í gba iwájú ilé wa kọjá mọ́. Ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà ni ó ń gbà, ó sì jìn. Ẹ̀rù tí mo fi pàṣán gbìn sínú ajá ti so èso sínú ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti lọ bẹ ìyá rẹ̀, mo sì ti bẹ ọmọ náà pẹ̀lú. N kò fà á ní ọwọ́ wá wo ajá, nítorí mo ti mọ ohun tí ipá ń ṣe. Ní ìsinmi tí ó kọjá, ó dúró ní ìkòríta, ó ń wò wá láti òkèèrè. Mo jẹ́ kí ó dúró níbẹ̀. Àwa tí a ó di olùkọ́ yóò bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdé ní kíláàsì, ẹni tí ìṣirò ń bà lẹ́rù tàbí ìwé kíkà níwájú ẹgbẹ́, tí a ó sì fẹ́ pè ní olórí kunkun. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá fèrè ni kò fẹ́ gbọ́, tàbí ẹ̀rù ni ó dí i létí. Kí a sì wọn iye ìṣísẹ̀ tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.