Ọwọ́ Tí Ó Kákò Lẹ́yìn Àrùn Ẹ̀gbà

Àrùn ẹ̀gbà kì í fi ọwọ́ sílẹ̀ bí ó ti bá a. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, apá aláìsàn a máa rọ, kò ní lè gbé e. Nígbà tí ó bá yá, ọwọ́ kan náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í le. Àwọn ìka á ká wọ inú àtẹ́lẹwọ́, àtàǹpàkò á bọ́ sí abẹ́ wọn. Èékánná á máa gún ara, òógùn á sé síbẹ̀, á máa rùn. Àwọn ará ilé á wí pé ọwọ́ náà ti kú. Kò kú. Àṣẹ tí ó ń gbà ni ó pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan. Ní èdè Yorùbá, ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń pè ní iṣan: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, okùn líle tí ó so ẹran ara mọ́ egungun, àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara. Orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Faransé ní fún wọn, èyí sì wà lára ohun tí ó ń mú kí ọ̀rọ̀ dókítà rú wa lójú. Nínú ìwé yìí, èyí tí ń jíṣẹ́ ọpọlọ nìkan ni a ó pè ní iṣan.

Ẹ fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú nísàlẹ̀ ìgunpá, kí ẹ sì di ẹ̀ṣẹ́. Ẹran ń yí lábẹ́ awọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agbára tí ń ká ìka wà. Láti ibẹ̀ ni okùn ti gba ọrùn ọwọ́ kọjá lọ fa ìka. Iṣan ńlá mẹ́ta ni ó ń pàṣẹ níbẹ̀. Médian gba àárín apá. Òun ni ó ń darí púpọ̀ nínú ẹran tí ń ká ìka. Ulnaire gba ẹ̀yìn ìgunpá, níbi tí ó máa ń ta wá bí iná bí a bá fi ìgunpá gbá ògiri. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọmọńdinrín àti ìka tí ó tẹ̀ lé e. Radial ni ó ń ṣí ọwọ́.

Bí a bá na ẹran ara, iṣan á sọ fún ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀pá ẹ̀yìn á sì pàṣẹ pé kí ẹran náà sún kì. Ọpọlọ ni ìjánu tí kì í jẹ́ kí àṣẹ yìí pọ̀ jù. Nígbà tí ẹ̀gbà bá ba apá kan ọpọlọ jẹ́, ìjánu já. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí a bá já ọwọ́ náà ṣí lójijì, ńṣe ni yóò tún le sí i.

Kiné ni a kọ́kọ́ ń tọ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ kan tún wà, toxine botulique, tí ń dẹ ẹran fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni a tó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe tuntun. Adolf Stoffel, dókítà ará Jámánì, ti ń gé lára ẹ̀ka iṣan fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kí ó tó di ọdún 1914. Ní ọdún 1983, Giorgio Brunelli ará Ítálì kọ̀wé nípa gígé wọn ní ibi tí wọ́n ti ń wọ inú ẹran. Nínú iṣan ńlá bíi médian, àṣẹ àti ìmọ̀lára jọ ń rìn ni. Bí a bá gé e níbẹ̀, ọwọ́ kò ní mọ̀ bí ìkòkò bá gbóná. Ẹ̀ka kékeré tí ó wọ inú ẹran kò gbé ìmọ̀lára awọ. Dókítà á wá a pẹ̀lú awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, á gé apá kan, á fi ìyókù sílẹ̀. Bí ó bá gé e jù, ọwọ́ á rọ. Bí kò bá gé e tó, èyí tí ó kù lè gba iṣẹ́ náà ṣe, kí ọwọ́ padà dì.

Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti dì fún ìgbà pípẹ́, ẹran àti okùn lè ti kúrú. Gígé iṣan kò wúlò fún èyí. Iṣẹ́ abẹ mìíràn ni a fi ń mú okùn gùn. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Dókítà á fi abẹ́rẹ́ pa iṣan náà lára fún wákàtí díẹ̀. Bí ọwọ́ bá rọ̀, iṣan ni. Bí kò bá rọ̀, okùn tàbí oríkèé ni. Lójú tèmi, ìdánwò yìí ni ó yẹ kí ẹbí bèèrè kí wọ́n tó san owó iṣẹ́ abẹ kankan. Kí wọ́n sì sọ ohun tí aláìsàn ń fi ọwọ́ náà ṣe, nítorí àwọn mìíràn ń fi ẹ̀ṣẹ́ dídì yẹn gbé àpò.

Ní Kútọnu, CNHU Hubert Koutoukou Maga ní ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ àti iṣan, ó sì ní ẹ̀ka tí àwọn kiné ti ń ṣiṣẹ́.

Ní ti fífọ ọwọ́ náà nílé, ẹ má ṣe fa ìka. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ sínú díẹ̀díẹ̀; okùn tí ó gba ibẹ̀ kọjá á dẹ̀. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀, ẹ mú àtàǹpàkò jáde láti ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ṣí ìka yòókù jẹ́jẹ́. Ẹ fọ àtẹ́lẹwọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ gé èékánná, ẹ sì ki aṣọ mímọ́ tí a ká sínú rẹ̀ kí ó tó padà dì.