Ìkasì Ara Ògiri: Ohun Tó Yẹ Kí Onílé ní Texas Mọ̀ Kó Tó Gba Oníṣẹ́

Ọmọ ìyá ohun tó ń bo búrẹ́dì tó bá bu ni ìkasì tó ń hù lára ògiri. Àwọn ará Houston mọ̀ ọ́n sí mold. Bí páìpù bá bẹ́, bí òrùlé bá ń jò, tàbí bí àgbàrá bá wọlé gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nígbà ìjì Harvey lóṣù kẹjọ ọdún 2017, wákàtí 24 sí 48 tó fún un láti bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára pátákó, bébà àti kápẹ́ẹ̀tì tí kò tètè gbẹ.

Eruku rẹ̀ tó ń fò kiri inú ilé a máa fa ikọ́, imú dídí àti ojú yíyún, a sì máa ru ikọ́ fée sókè lára ẹni tó ní i. Ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tí àìsàn tàbí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti dín agbára tí ara rẹ̀ fi ń gbógun ti àrùn kù. Àwọ̀ dúdú tó ń dẹ́rù ba èèyàn kò fi bó ṣe lóró tó hàn. CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, sọ pé kò pọn dandan láti mọ irú èyí tó jẹ́: yálà ó dúdú tàbí ó funfun, kíkó ni kí wọ́n kó o kúrò. Owó tí wọ́n bá fi ṣe àyẹ̀wò irú rẹ̀ máa ń jẹ́ owó tó bómi lọ.

Èyí tí kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú àti 3 lóròó lọ, onílé lè fi ọṣẹ, omi, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú N95 fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá dé ẹsẹ̀ bàtà 5 níbùú àti 5 lóròó lójú kan, tó fi díẹ̀ ju ilẹ̀kùn yàrá lọ, òfin Texas ní kí oníṣẹ́ tí wọ́n bá gbà ní ìwé àṣẹ láti TDLR, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Orúkọ àwọn tó ní in wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì náà, ẹnikẹ́ni lè wò ó.

Oníṣẹ́ méjì ló wà. Ẹni àkọ́kọ́ ni ayẹ̀wòlé, tó ń wá ibi tí omi ti ń wọlé, tó sì ń kọ ìwé ìlànà sílẹ̀: yàrá wo ni, kí ni wọ́n máa gé, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́. Ẹni kejì, akóìkasì, ló ń kó o kúrò. Òfin kò gbà kí ẹnì kan náà tàbí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe méjèèjì nínú iṣẹ́ kan. Ó bọ́gbọ́n mu, torí pé ẹni tó máa gbowó gígé ògiri kò ní rí ògiri tó dáa. Nítorí náà, kí onílé ṣọ́ra fún ẹni tó kanlẹ̀kùn lẹ́yìn ìjì, tó ní òun máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ kí òun sì tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà.

Ó kéré tán, ọjọ́ 5 ṣáájú iṣẹ́ ni akóìkasì gbọ́dọ̀ ti fi tó TDLR létí. Kó tó fọwọ́ kan ògiri, ó máa fi ọ̀rá dí yàrá náà, á sì gbé ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ síta kalẹ̀, kí eruku má bàa gba ojú ẹ̀rọ amúlétutù dé yàrá àwọn ọmọ. Pátákó ògiri tó ti rin àti òwú inú rẹ̀, gígé ni, wọn kì í fọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ní òun máa wọ́n bílíìṣì sí i, tàbí òun máa kùn ún lọ́dà, kò mọ iṣẹ́: gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú pátákó, á sì yọ padà. Bí wọn ò bá sì tíì tún páìpù tó ń jò ṣe, asán ni gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ayẹ̀wòlé ló ń padà wá jẹ́rìí sí i pé ilé ti mọ́. Kó tó ju ọjọ́ 10 lọ tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró, akóìkasì gbọ́dọ̀ fún onílé ní ìwé ẹ̀rí. Bí onílé bá ń ta ilé, ó ní láti fún ẹni tó ń rà á ní ẹ̀dà gbogbo irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó gbà láàárín ọdún 5 sẹ́yìn.