Kì í Ṣe Owó Gbà-má-bínú

Ẹ jẹ́ ká mú un pé ọmọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ọ̀tà. Kò gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ kankan. Ẹnu géètì ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀gá gbé e dé ọsibítù, ó sanwó ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n kó 50,000 náírà fún un pé kó gba owó gbà-má-bínú, kó sì fọwọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ dúpẹ́. Ìdúpẹ́ yẹn ló máa ń dùn mí jù.

Orúkọ tí a ń pe owó náà ló ń ṣì wá lọ́nà. Gbà-má-bínú, ẹni tó ṣẹni ló fi ń tuni lójú. Ó lè pọ̀, ó lè kéré, bó bá ṣe wu olówó ni. Ohun tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin Employees' Compensation Act lọ́dún 2010, agbanisíṣẹ́, ìbáà jẹ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ aládàáni, gbọ́dọ̀ máa dá 1% àpapọ̀ owó oṣù tó ń san sínú àpò kan tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund) ń bójú tó. Ilé-iṣẹ́ tó ń san mílíọ̀nù 5 náírà lóṣù yóò dá 50,000. Kò sì gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Àjọ ni: ọ̀gá ló ń dá a, ẹni tó fara pa ló ń kó o. Ẹni tí àjọ kàn kì í kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kó tó kó o.

Òṣìṣẹ́ kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi. Ohun tí wọn yóò wò ni bóyá iṣẹ́ ló fa ìpalára náà. Òfin kò sì ní kó fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ hàn kó tó jẹ́ òṣìṣẹ́, nítorí àdéhùn ẹnu lásán tó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí onílé náà wà níbẹ̀. Sójà nìkan ni òfin yọ sílẹ̀. Àìsàn tí iṣẹ́ kó bá èèyàn wà lára rẹ̀, bí etí tí ariwo ẹ̀rọ di. Jàǹbá ojú ọ̀nà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ náà wà lára rẹ̀, àti ti ọ̀nà ibi tí òṣìṣẹ́ ti máa ń jẹun tàbí gba owó oṣù, bí agbanisíṣẹ́ bá ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Gbèdéke ọjọ́ ló ń ba ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Láàárín ọjọ́ 14 sí ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tó gbójú lé e gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́: orúkọ ẹni tó fara pa, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á. Bó bá sọ fún mánéjà tàbí súpáfáísọ̀, ó ti sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu nìkan sọ ọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí WhatsApp ránṣẹ́, kí ọjọ́ lè hàn lára rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ọgbẹ́ àti ẹ̀rọ, ẹ kọ orúkọ àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì ọsibítù. Láti ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ọjọ́ 7 ni agbanisíṣẹ́ ní láti ròyìn fún NSITF. Bí ẹ̀mí bá lọ, lójú ẹsẹ̀ ni. Ìbéèrè fún owó gan-an gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan. Bí ọjọ́ 14 bá ti kọjá, kò tíì parí bí ọ̀gá bá mọ̀ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ọ̀gá tó fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé èèyàn lọ sí ọsibítù kò lè ní òun ò gbọ́.

Ìwé "ọ̀rọ̀ ti parí" ńkọ́? Òfin kò kà á sí. Òṣìṣẹ́ kò lè bá ọ̀gá ṣàdéhùn láti yááfì ẹ̀tọ́ yìí, àní bó tilẹ̀ tẹ̀ka sí i.

Àpò náà ń san owó ìtọ́jú. Ẹni tí kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé yóò máa gba 90% owó oṣù rẹ̀. Ti ẹni tó pàdánù ìka tàbí ojú kan, bí àbùkù náà bá ṣe tó ni. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba 90%, ọlọ́mọ kan ń gba 85%. Orí owó oṣù ni gbogbo ìṣirò yìí dúró lé, nítorí náà àlẹ́ẹ̀tì báńkì tí ẹ ń pa rẹ́ lórí fóònù, ẹ̀rí ni.

Ti ilé-ẹjọ́ gba ìṣọ́ra. Òfin 2010 fi àpò yìí rọ́pò pípe agbanisíṣẹ́ lẹ́jọ́ nítorí ìpalára náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló fà á, bíi táńkà tó kọlu bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, èèyàn lè yan àpò tàbí kó pe onítọ̀hún lẹ́jọ́. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó yan ọ̀kan. Legal Aid Council wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ. Bí NSITF bá sì ṣe ìpinnu tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ẹ lè gba National Industrial Court lọ.

Ọmọkùnrin Ọ̀tà yẹn, ọ̀sẹ̀ kan ṣì kù fún un. Kó fi ọwọ́ òsì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí súpáfáísọ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní.