Ákísù Odidi àti Ẹsẹ̀ Adádúró: Èwo Ló Yẹ Iwájú Ọkọ̀ Ojú Ọ̀nà Gbágungbàgun?

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ Toyota Hilux kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì yóò rí i pé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn kò jọra rárá. Lẹ́yìn, irin gbọọrọ kan tó nípọn, tó sì ní ihò nínú, ló gùn láti ara táyà kan dé ara èkejì. Irin náà wú rogodo níbi tí difurẹ́ńṣíà wà, ìyẹn àkójọ jíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà méjèèjì, sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lérí ara wọn ló sì so ó mọ́ ṣáásí. Níwájú, kò sí irin gbọọrọ kankan. Táyà kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó ní sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n de difurẹ́ńṣíà mọ́ ṣáásí, tí ṣáfútì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sì ń gbé agbára láti inú rẹ̀ lọ sí ọ̀tún àti òsì. Irú ti ẹ̀yìn ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní ákísù odidi, irú ti iwájú ni yóò máa pè ní ẹsẹ̀ adádúró. Ó ní ohun tó mú kí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo fi oríṣi méjèèjì sábẹ́ ọkọ̀ kan, ẹni tó bá sì mọ ohun náà kò ní ṣì ọkọ̀ rà.

Ákísù odidi ló kọ́kọ́ dé, torí pé ara kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n ti mú un wọ inú mọ́tò. Ọ̀pá tí mẹ́ruwà gbé lé èjìká, tí garawa omi kan so rọ̀ sí orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ló fi ìwà rẹ̀ hàn jù lọ: bí apá kan bá lọ sókè, èkejì kò ní ṣàì lọ sílẹ̀. Nígbà tí táyà ọ̀tún bá gun òkúta ńlá, ákísù yóò dagun, ìdagun yẹn gan-an ni yóò sì ti táyà òsì mọ́lẹ̀, tí yóò fi di ilẹ̀ mú dáadáa ní àsìkò tí awakọ̀ nílò rẹ̀ jù. Àǹfààní kejì kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn tó ń wa ọkọ̀ lórí àpáta fi ń yàn án. Àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ difurẹ́ńṣíà kì í yí padà, torí pé gíga táyà nìkan ló ń pinnu rẹ̀. Ẹrù ì báà kún ọkọ̀ dé orí, sípíríǹgì ì báà tẹ̀ dé ìdí, bí difurẹ́ńṣíà bá ti ré òkúta kan kọjá nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, yóò ré e kọjá nígbà tí ọkọ̀ bá di ẹrù.

Ìṣòro ákísù odidi bẹ̀rẹ̀ níbi tí eré bá ti wọ̀ ọ́. Irin gbọọrọ náà, difurẹ́ńṣíà inú rẹ̀, ṣáfútì méjèèjì àti táyà, gbogbo wọn ló ń fò sókè tí wọ́n sì ń bọ́ sílẹ̀ pọ̀, nígbà tí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ń gbìyànjú láti dá wọn dúró. Bí ohun tó ń fò bá ti wúwo tó ni yóò ti pẹ́ tó kó tó padà fi ara kan ilẹ̀, táyà tó bá sì wà lófuurufú kò lè yí ọkọ̀ sápá kan, kò sì lè dá a dúró. Àlébù mìíràn tún ni pé kòtò tí táyà òsì bá kó sí yóò mú táyà ọ̀tún náà fì, nítorí ara kan ni wọ́n. Lórí àwọn ọkọ̀ àtijọ́, èyí máa ń di ìgbọ̀nrìrì tó ń gba sítíárì mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́, ó sì wà lára ohun tó mú kí Mercedes-Benz ní ọdún 1931 àti General Motors ní ọdún 1934 bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ adádúró síwájú mọ́tò ìgboro. Ìgbọ̀nrìrì náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di òní: awakọ̀ Jeep tí bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jẹ mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹsẹ̀ adádúró yanjú ọ̀ràn eré, ṣùgbọ́n ó mú tirẹ̀ wá. Ohun tó ń fò lábẹ́ rẹ̀ fúyẹ́, torí pé ṣáásí ló gbé difurẹ́ńṣíà, táyà kan sì lè kó sí kòtò láìjẹ́ pé èkejì mọ̀ rárá. Lórí ọ̀nà amọ̀ tí òjò ti gbẹ́ ní kòtò wẹ́wẹ́, ìyàtọ̀ náà kò fara sin: ọwọ́ awakọ̀ balẹ̀ lórí sítíárì, kò sì pọn dandan kó máa rìn bí ìgbín. Àlàfo abẹ́ rẹ̀ ni kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bíi ti ákísù odidi. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, àárín rẹ̀ lè ga ju ti ákísù odidi lọ, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá tẹ iwájú mọ́lẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ bá fò tó sì balẹ̀, difurẹ́ńṣíà yóò bá ṣáásí lọ sílẹ̀, òkúta tí kò kàn án tẹ́lẹ̀ yóò wá kàn án.

Oríkèé ṣáfútì ni ibòmíràn tó yẹ kí ojú ṣọ́. Nínú ákísù odidi, oríkèé ṣáfútì iwájú kì í tẹ̀ àfi tí awakọ̀ bá yí sítíárì. Nínú ẹsẹ̀ adádúró, ó ń tẹ̀ nígbà tí sítíárì bá yí, ó sì tún ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí táyà bá lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fi sípíríǹgì gíga gbé iwájú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ adádúró sókè ju íńṣì méjì tàbí mẹ́ta lọ fi máa ń kábàámọ̀: ṣáfútì yóò ti dagun jù kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, rọ́bà tó bo oríkèé yóò fàya, gíríìsì yóò ṣàn jáde, iyanrìn yóò wọlé, ariwo yóò sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà.

Ìtàn Toyota Land Cruiser ló fi hàn jù lọ bí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ṣe fara balẹ̀ wọn àǹfààní àti àlébù wọ̀nyí. Land Cruiser 80, tó jáde ní ọdún 1990, ní ákísù odidi níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tí Land Cruiser 100 rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1998, iwájú ti di ẹsẹ̀ adádúró, ẹ̀yìn sì wà bó ṣe wà. Toyota mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà, ó sì ṣe irú kejì, tí wọ́n ń pè ní 105, tí ákísù odidi iwájú rẹ̀ wà síbẹ̀. Australia àti ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tí wọ́n ti tà á. Land Cruiser 70 tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984 kò tilẹ̀ fi ákísù odidi iwájú sílẹ̀ títí di òní. Sípíríǹgì iwájú rẹ̀ ni wọ́n pa dà láti pẹlẹbẹ sí kíká ní ọdún 1999. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí pikọ́ọ̀pù Toyota ti gba ẹsẹ̀ adádúró láti ọdún 1986, àwọn ọlọ́kọ̀ kan ń gé ẹsẹ̀ náà kúrò, wọ́n sì ń jó ákísù odidi mọ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá sì ni, kò sì sí ẹni tí yóò dáwọ́ lé e bí kò bá rí ohun tó sọnù lójú gbangba.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí. Nínú gbogbo àyípadà náà, láti orí 80 dé orí 300 tó jáde ní ọdún 2021, Toyota kò yọ ákísù odidi kúrò lẹ́yìn. Iwájú ló ń yí ọkọ̀, iwájú ló sì ń kọ́kọ́ pàdé kòtò. Ẹ̀yìn ló ń gbé ẹrù, difurẹ́ńṣíà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní gíga kan náà bí ẹrù bá pọ̀ tàbí tó bá kéré. Àlàyé Hilux tí a fi bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn. Ìṣirò kan náà ni Mercedes-Benz ṣe nígbà tó tún G-Class ṣe ní ọdún 2018, òun náà ni Ford ṣe fún Bronco tuntun ti ọdún 2021. Nissan Patrol ti ọdún 2010 àti Land Rover Defender ti ọdún 2020 lọ jìnnà ju èyí lọ, ẹsẹ̀ adádúró ni wọ́n fi sí gbogbo igun. Jeep Wrangler, Suzuki Jimny àti Ineos Grenadier kò kúrò lórí ákísù odidi níwájú àti lẹ́yìn.

Àwọn tó ń sá eré ìje náà ní ẹ̀rí tiwọn. Nínú Baja 1000, tí wọ́n ń sá láti ọdún 1967 nínú aṣálẹ̀ Mẹ́síkò, ẹsẹ̀ adádúró ló wà níwájú àwọn ọkọ̀ ńlá tó yára jù, táyà iwájú wọn sì lè lọ sókè sódò ju 20 íńṣì lọ. King of the Hammers, tó bẹ̀rẹ̀ ní Johnson Valley ní Kalifóníà ní ọdún 2007, da eré aṣálẹ̀ pọ̀ mọ́ gígun àpáta. Ákísù odidi ló gbòde níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí eré ṣe ń le sí i lórí ilẹ̀ gbalasa ni ẹsẹ̀ adádúró ń gbapò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgbàlódé pẹ̀lú ti dín àǹfààní ákísù odidi kù. Difurẹ́ńṣíà lásán máa ń fi agbára ránṣẹ́ síbi tó bá rọrùn jù, nítorí náà bí táyà kan bá gbé kúrò nílẹ̀, òun ni yóò máa yí lófìfo nígbà tí èkejì dúró gbagidi. Ọkọ̀ tó ní ohun tí wọ́n fi ń ti difurẹ́ńṣíà pa lè mú táyà méjèèjì yí pọ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí bíréèkì rẹ̀ sì lè di táyà tó ń yí lófìfo mú kí agbára lè dé ara èkejì. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ adádúró tó ní ọ̀kan nínú méjèèjì yóò gun ọ̀pọ̀ òkè tí kì bá lè gùn tẹ́lẹ̀.

Fún ẹni tó ń gbé èrò àti ẹrù díẹ̀ láti ìlú dé ìlú lórí ọ̀nà amọ̀, tó sì fẹ́ dé láìpẹ́, ẹsẹ̀ adádúró níwájú pẹ̀lú ákísù odidi lẹ́yìn ló dára jù, kò sì sí ìdí tí yóò fi ra wàhálà sítíárì tó ń gbọ̀n. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àpáta, igi tó wó dínà àti ìrìn díẹ̀díẹ̀, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà sí ẹni tó ń ta páàtì, ákísù odidi ni kó wá, torí pé oríkèé tó lè bàjẹ́ níbẹ̀ kò pọ̀, irin rẹ̀ sì lágbára.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni yóò rà, kó yí sítíárì dé òpin kó tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ adádúró, kó wo rọ́bà oríkèé ṣáfútì bóyá ó ti ya, kó sì fi irin gbọọrọ gbé apá ìsàlẹ̀ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀ntì ti jẹ. Lábẹ́ Land Cruiser alákísù odidi, kó wo irin róbótó tó wà lẹ́yìn táyà iwájú. Bí ohun tó bò ó bá jẹ́ gíríìsì tó ti ṣàn bí ọbẹ̀, òróró inú ákísù ti ń jò wọ inú oríkèé, síìlì inú rẹ̀ ti tán, kó sì yọ owó títún un ṣe kúrò nínú iye tí yóò san.